Ojú Ewé Bàbá tó Sọnù Lọ́wọ́ Mi

Láràárọ̀, kí n tó bọ́jú, mo máa ń ṣí búlọ́ọ̀gì bàbá bàbá mi lórí fóònù. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kà á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀ ni. Bó bá pẹ́ kó tó ṣí, àyà mi á já. Bó bá ṣí, màá mí kanlẹ̀, màá tì í, màá tún ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ti àkọ́kọ́ yẹn tàn mí jẹ ni. Ọkọ mi ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Bàbá ti lọ. Àwọn tó ń wá kí wa ní Bàbá pẹ́ láyé, wọ́n gbó, wọ́n tọ́, ká máa dúpẹ́. A ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má retí kí n sọ ìgbà tí wọ́n bí Bàbá àti iléèwé tí wọ́n lọ. Bàbá Ìlọrin, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí Bàbá, ti ka gbogbo ìyẹn níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì kà á dáadáa. Irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́ lèmi fẹ́ sọ. Mo sì fẹ́ sọ ohun tí èmi náà ṣe, torí ó ti ń wú sí mi nínú, mi ò sì lè gbé e mọ́.

Ní Ọ̀mù-Àrán, Bàbá Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pe Bàbá. Wọ́n ti kọ́ ọmọ ní Òrò, ní Òkè-Ọdẹ àti ní Agbamu, débi pé bí a bá jọ ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn tí irun orí tiwọn náà ti funfun ni yóò sọ ẹrù kalẹ̀ láti kí Bàbá bí ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn tí Bàbá fẹ̀yìntì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan: ìtàn agboolé, orúkọ odò tó ti gbẹ, ẹni tó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò wa, ọjọ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ wo ère òkúta ní Èsìẹ́ tí ọmọ kan fi ń sunkún pé ọ̀kan nínú àwọn ère náà ń wo òun. Inú ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí nígbà náà. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bírò kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́, mo bá ra tábílẹ́ẹ̀tì kan fún wọn. Ìka kan ṣoṣo ni Bàbá fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú gírígírí, kó má baà sá. Bí mo bá ní kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ojú tíṣà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọwọ́ ló ń gbọ̀n, Àníkẹ́. Orí kò gbọ̀n."

Níbi tí Bàbá ti kọ́kọ́ ń gbé ìwé wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a débẹ̀, a bá ilẹ̀kùn ní títì. Èdè òyìnbó ni àwọn tó ni ibẹ̀ fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti ti ibẹ̀ pa. Wọn ò sọ ìdí, kò sì sí ẹni tí a lè bi. Èmi ti ń rọ̀jò èébú. Bàbá kàn gbé gíláàsì sójú, wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ta ni onílé yìí? Jẹ́ ká lọ kí i." Mo ní, "Bàbá, onílé yìí kò ṣeé kí o. A ò mọ ojú ẹ̀, a ò mọ ilé ẹ̀." Mo rò pé Bàbá máa ní kí n gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kọ́ ilé tèmi fún mi."

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, nítorí náà mo mú un bí eré. Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé wọ́n á máa kọ ọ̀rọ̀ wọn lásán, láìsí ọ̀ṣọ́ kankan. Ètò kan wà tí yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà, tí yóò sọ ọ́ di ojú ewé tí aráyé lè kà. A ó wá kó ètò yẹn àti gbogbo ohun tó nílò sínú nǹkan kan tí àwa oníkọ̀ǹpútà ń pè ní kọ̀ǹténà, a ó sì gbé e ka orí kọ̀ǹpútà kan tí a háyà lọ́nà jíjìn, tí wọn kì í pa. Ojú ewé náà kò ní máa yí padà fúnra ẹ̀. Bí Bàbá bá ṣe kọ ọ́ ni yóò ṣe wà. Ìyẹn dùn mọ́ Bàbá nínú. Ṣùgbọ́n wọ́n gbá ọ̀rọ̀ háyà mú. "O tún ti háyà?" Mo ní ilẹ̀ la háyà, ilé ni tiwa, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá yọ wá lẹ́nu, a lè gbé ilé wa lọ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Bàbá kàn mi orí. "Mo mọ irú ìyẹn," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Mi ò bi wọ́n pé báwo.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹténà gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Inú kọ̀ǹténà onírin kan ní gáréèjì Ọ̀mù-Àrán ni télọ̀ Bàbá ń jókòó sí, irú èyí tí wọ́n gé fèrèsé sí lára. Wọ́n ní ṣé irú ẹ̀ ni. Mo ní ó jọ ọ́ díẹ̀. Bàbá ronú, wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹténà yẹn lọ, tí wọ́n gbé tuntun síbẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà tó wà nínú ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi." Háà, ẹnu mi yìí! Tó bá jẹ́ pé mo dáhùn ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò bá má jókòó síbí máa gbọ̀n.

Bàbá fẹ́ràn àríyànjiyàn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín jẹ torí pé wọ́n ti kú. Wọ́n ń bá rédíò jà. Wọ́n ń bá àwọn tó ń kọ àkọlé ṣọ́ọ̀bù jà. Wọ́n bá èmi náà jà nígbà tí mo gbé fọ́tò wọn sí iwájú búlọ́ọ̀gì. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, ṣé ojú àwọn ni aráyé fẹ́ kà ni? Ẹnìkan ní Òrò wá fi ohùn ránṣẹ́ pé Bàbá ṣi orúkọ ẹni tó gbẹ́ kànga iléèwé kọ. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi jà á lórí fóònù, tí ìyàwó onítọ̀hún fi ń bẹ̀ wá. Nígbà tó yá Bàbá lọ wádìí, wọ́n rí i pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi. Mo ní kò burú, mo máa pa orúkọ yẹn rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fi orúkọ tí wọ́n ṣì sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ṣì í. Kì í ṣe Lásísì ló gbẹ́ kànga náà, Bùràímọ̀ ni." Mo ní kò dùn ún wò. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣì í, tó tún nù ún kúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í."

Bàbá sì ní òfin kan tí mi ò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń kọ búlọ́ọ̀gì. Bí wọ́n bá kọ nǹkan nípa ẹnikẹ́ni tó ṣì wà láyé, tàbí nípa ìdílé rẹ̀, wọn ò ní gbé e síta àfi tí wọ́n bá lọ kà á fún onítọ̀hún lójúkojú. Lójú òjò, pẹ̀lú orúnkún tó ń dun Bàbá, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ọdẹ, ọ̀nà tí mọ́tò pàápàá ń bẹ̀rù nígbà òjò, torí pé wọ́n kọ ọ́ pé ògiri kan tí bíríkìlà kan mọ ní iléèwé wọn àtijọ́ wọ́. Bíríkìlà náà bínú, ó ní iyanrìn tí wọ́n kó fóun ni kò dára. Bàbá kọ ọ̀rọ̀ iyanrìn náà sábẹ́ tiwọn, bíríkìlà ní ó di dandan kí wọ́n jẹ iyán, wọ́n jẹ iyán, wọ́n gun ọ̀kadà padà wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orí fìlà. Mo fìbínú sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò lè fi fóònù kà á fún un ni?" Wọ́n ní, "Fóònù kò lójú. Ohun tí o kò bá lè kà lójú ènìyàn, má kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀."

Ojú ewé tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ wá dé báyìí.

Òjò ti ń parí lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bàbá pè mí láàárọ̀. "Àníkẹ́, mo ti gbé nǹkan kan síta. Kà á kí o tó jẹun." Mo kà á. Ọ̀rọ̀ oko wa tó wà lọ́nà Agbamu ni, èyí tí gbogbo wa láti kékeré mọ̀ sí oko Bàbá. Bàbá kọ ọ́ pé kì í ṣe tiwa. Pé ọwọ́ bàbá Màmá Agbamu ni bàbá àwọn ti tọrọ ilẹ̀ náà láti máa fi dáko jẹun. Màmá Agbamu nìyí, ìyá arúgbó kan tí Bàbá ti kọ́ ní iléèwé nígbà èwe rẹ̀. Pé ọdọọdún ni wọ́n ń gbé iṣu lọ fún onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, títí onílẹ̀ fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò bèèrè mọ́, àwa náà kò rántí mọ́. Bàbá sọ ibi tí ààlà gbà, wọ́n sọ àwọn igi ọ̀pẹ tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ìparí, wọ́n kọ ọ́ pé bí àwọn onílẹ̀ bá ní ká dá a padà, ká dá a padà, ká má jẹ́ kí wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ti lọ kà á fún Màmá Agbamu nílé lọ́jọ́ Àlàmísì.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Bàbá Ìlọrin ti ní in lọ́kàn láti kọ́ iléèwé sórí ilẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ìjà ńlá ń bọ̀. Mo ti ojú ewé náà, mo jẹun, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Bóyá ẹlòmíràn kankan ti kà á nígbà yẹn, mi ò mọ̀. Búlọ́ọ̀gì Bàbá kì í ṣe ibi tí èrò ń rọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwà àìnírònú mi. Inú kọ̀ǹténà yẹn náà ni mo ṣe ibi tí Bàbá ti ń kọ̀wé sí, kí wọ́n lè kàn tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì gbé e síta fúnra wọn. Ohun tó yẹ ni pé kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ máa wọ inú fódà kan tó wà níta kọ̀ǹténà, tó fi jẹ́ pé bí kọ̀ǹténà bá lọ, ọ̀rọ̀ kò ní lọ. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ yìí lóṣù mẹ́ta mọ ìyẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ní màá ṣe é tó bá di òpin ọ̀sẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ wo? Ọdún kan kọjá. Kàkà bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń kó ohun tí Bàbá bá ti kọ jáde, màá tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ojú ewé yìí jáde. Lọ́jọ́ Àtàláátà tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé ètò tí mò ń lò ti di ti àtijọ́, mo fẹ́ gbé tuntun sí i. Mo pa kọ̀ǹténà àtijọ́ rẹ́, mo gbé tuntun dìde, gbogbo nǹkan ń dán gbinrin. Mo tún ń kọrin.

Bàbá pè mí lọ́jọ́ Àlàrùba. "Àníkẹ́, mi ò rí ojú ewé ọjọ́ Sátidé yẹn mọ́."

Kí wọ́n tó gbẹ́nu dúró ni mo ti mọ̀. Ẹnu mi ni kò dúró dè mí. Mo ní, "Netiwọ́ọ̀kì ni, Bàbá. Ó máa padà." Èmi, tí Bàbá kọ́ ní ABD, tí mo mọ̀ pé wọ́n kórìíra irọ́ ju olè lọ. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó pẹ́, Àníkẹ́."

Mo wá a bí ẹni wá abẹ́rẹ́. Mo tú kọ̀ǹpútà tí a háyà, mo tú kọ̀ǹpútà mi, mo ní kí àwọn ará ilé bá mi fi tábílẹ́ẹ̀tì Bàbá ránṣẹ́ pé mo fẹ́ tún un ṣe, mo tú ìyẹn náà. Kò sí. Mo ní kò burú, màá jẹ́wọ́ fún Bàbá lọ́jọ́ Jímọ̀, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un kọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ohùn wọn rẹ̀, mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo tún rí nǹkan mìíràn sọ. Kí n kúkú sọ òótọ́ tán: ibì kan wà nínú mi tó yọ̀ pé ó sọnù. Ìjà tí mò ń bẹ̀rù kò ní wáyé mọ́, kì í sì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìyẹn ló ń dùn mí jù lọ títí dòní. Lọ́jọ́ kejìlá lẹ́yìn tí Bàbá pè mí, wọ́n kírun Àsùbáà tán, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọn ò sì dìde mọ́. Tábílẹ́ẹ̀tì wọn wà lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn.

Nígbà tí Bàbá Ìlọrin pè mí láti túfọ̀ fún mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo rò ni pé, irọ́ mi ti gbó, kò sẹ́ni tó máa bi mí mọ́. Ọlọ́run má bínú sí mi. Kí n tó rántí sunkún, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rò.

A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ní ìta ilé Bàbá. Lẹ́yìn tí àwọn aláàfáà lọ, ó ku àwa ẹbí àti àwọn ará àdúgbò díẹ̀. Bàbá Ìlọrin dìde. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni wọ́n o. Àwọn ni wọ́n ń gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn, àwọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wẹ̀ wọ́n fún sísin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sórí oko Bàbá lọ́nà Agbamu, kí orúkọ Bàbá wà lára pátákó rẹ̀, ẹni tó máa wọn ilẹ̀ náà sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àtìní. Gbogbo wa ṣe "Àmín!" Èmi náà ṣe "Àmín." Mo gbọ́ ohùn ara mi.

Màmá Agbamu ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n jókòó sórí àga ike, wọ́n gbé ọ̀pá sórí ẹsẹ̀. Wọ́n rọra dìde. Wọ́n ṣàdúrà fún Bàbá, ó gùn. Wọ́n wá ní, "Iléèwé dára. Tíṣà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi, kí Tíṣà tó lọ, wọ́n wá bá mi nílé, wọ́n ka ìwé kan fún mi nípa ilẹ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn máa gbé e sórí ẹ̀rọ kí gbogbo yín lè kà á. Mo rò pé ẹ ti kà á."

Bàbá Ìlọrin rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn ò fi ìbínú sọ̀rọ̀ rárá. "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ohun tí Bàbá bá gbé sórí ẹ̀rọ kì í fara pamọ́. Àníkẹ́ ló ń bá wọn tọ́jú ibẹ̀. Àníkẹ́, ṣí i, ká jọ wò ó."

Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi. Mo ṣí i. Àkọlé gbogbo ojú ewé tí Bàbá kọ tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kànga, odò, ògiri bíríkìlà. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kálukú ń wò ó, kálukú ń mi orí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìlọrin, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ẹ rí i pé kò sí." Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Ọjọ́ ogbó ni, ẹ má bínú sí màmá." Màmá Agbamu wo ilẹ̀. Wọ́n jókòó padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀pá wọn bí ẹni pé ó dọ̀tí.

Kí n dákẹ́ ni gbogbo ohun tó kù. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Iléèwé máa dúró, orúkọ Bàbá máa wà níbẹ̀, èmi náà á ṣì jẹ́ ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà. Ìyá arúgbó kan péré ni yóò lọ sílé pẹ̀lú orúkọ òpùrọ́. Mo dìde.

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Ariwo sọ. Wọ́n ní kí ni mo wí. Mo ń ṣàlàyé kọ̀ǹténà, mo ń ṣàlàyé fódà, kò yé ẹnikẹ́ni, ó ń yí mi lẹ́nu. Mo wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́: mo kó ilé Bàbá dànù, mo gbàgbé ẹrù inú rẹ̀, Bàbá bi mí, mo purọ́ fún wọn, wọ́n kú sórí irọ́ mi. Mo wá bú sẹ́kún, ẹkún tí mi ò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ.

Bàbá Ìlọrin jẹ́ kí n sun ún tó. Wọ́n ní, "O kà á? Ó dáa. Kí ló wà níbẹ̀?" Mo sọ ohun tí mo rántí. "Ó dà bí i pé bàbá wọn ló tọrọ ilẹ̀ náà... ó dà bí i pé wọ́n ń gbé iṣu..." Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. "Àníkẹ́. A kì í fi 'ó dà bí' pín ilẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá ti lọ, "ó dà bí" tèmi nìkan ló kù.

Ibi àga ike yẹn ni ohùn ti jáde. "Èmi gbọ́ ọ." Màmá Agbamu kò dìde lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí Tíṣà kà á fún mi. Mi ò mọ̀wé títí lọ, ohun tí mo bá gbọ́ ni ìwé mi. Ọmọ, ṣé o lè kọ ọ́?"

Mo gba fóònù mi. Màmá Agbamu dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohùn Bàbá ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Bí Bàbá ṣe máa ń dúró kí wọ́n tó sọ orúkọ ènìyàn, bí wọ́n ṣe máa ń sọ "ẹ gbọ́ ọ dáadáa" ní àárín ọ̀rọ̀. Mò ń tẹ̀ ẹ́, omi ojú ń kán sórí gíláàsì fóònù, mò ń fi aṣọ nù ún. Wọ́n dé ibì kan tí mo ti gbàgbé pátápátá: pé lọ́dún kan, bàbá Màmá Agbamu rán ènìyàn lọ wa iṣu inú oko náà kó tó gbó, ó kó o lọ tipátipá, ebi sì pa ilé wa lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn nínú wa. Bí Màmá bá fò ó, a ò ní mọ̀ láé. Wọn ò fò ó. Wọ́n tún orúkọ bàbá wọn pè níbẹ̀ ketekete, bí Bàbá ṣe kọ ọ́. Mo gbójú sókè, mo rí i pé Bàbá Ìlọrin ti dáwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wọn dúró.

Màmá Agbamu ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ti dé orí ààlà. "Láti ibi àpáta, kó gba etí odò, kó dé ibi igi ọ̀pẹ mẹ́fà tó tò..."

"Mẹ́rin ni," ni Bàbá Ìlọrin wí.

Kò jọ pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé àwọn ti sọ̀rọ̀. Màmá Agbamu la ojú. Gbogbo wa ń wo Bàbá Ìlọrin, àwọn náà ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. Wọ́n ṣí fìlà kúrò lórí, wọ́n gbé e lé orúnkún. Nígbà tí wọ́n tún fọhùn, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú kó tó jáde ni Bàbá wá sí Ìlọrin. Wọ́n kà á fún mi nínú pálọ̀ mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbé e síta." Wọ́n kọjú sí Màmá Agbamu. "Ẹ dákun, Màmá. Mẹ́rin ni wọ́n kọ."

Màmá Agbamu ka ìka wọn wò, wọ́n mi orí. "Ó lè jẹ́ mẹ́rin."

Ìka mi ò fẹ́ gbọ́ tèmi mọ́, mo fi ọwọ́ kejì dì í mú. Mo bi Bàbá Ìlọrin bóyá kí n dúró, kí n má kọ ọ́ mọ́, torí mi ò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa pa lára, Màmá ni tàbí àwọn.

Bàbá Ìlọrin kò wò mí. Wọ́n ní, "Máa kọ ọ́ lọ, Àníkẹ́. Ibi tí Màmá bá ṣì, màá sọ."